Fíìmù Akónilọ́kànsókè: Ṣé Ó Yẹ Ká Máa Fi Ti Òde Òní Wé Ti Àtijọ́?

Bí ètò orí rédíò bá ti kan ọ̀rọ̀ fíìmù, tí wọ́n sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún aráàlú, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, fíìmù ìsinsìnyí ò tó Ṣaworoidẹ." Ẹlòmíì á gbà á lẹ́nu rẹ̀ pé irọ́ ni, pé àwòrán ayé ọjọ́un ò mọ́lẹ̀, ohùn ò já gaara, ìtàn sì máa ń fà bí ọ̀dà. Ká tó wí ká tó fọ̀, àríyànjiyàn ti gbóná. Àwọn àgbà wà lápá kan, àwọn ọ̀dọ́ wà lápá kejì.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ìtàn Ṣaworoidẹ, olùkọ́ ni ní yunifásítì wa tó ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Kọ́lá Oyèwọ̀ tó ṣe Ọba Lápité nínú fíìmù náà, orí ìtàgé Yunifásítì Ifẹ̀ wà lára ibi tó ti mọ iṣẹ́ dunjú. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan sì ń ya Citation tó jáde lọ́dún 2020, inú ọgbà yunifásítì yìí kan náà ló ti ya apá kan rẹ̀. Bí àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ tíátà nínú ọgbà náà bá parí ẹ̀kọ́, àwọn ni wọ́n máa ya fíìmù ọ̀la. Ohun tí a bá ń sọ sí wọn létí lónìí ni wọ́n máa gbé lọ sídìí kámẹ́rà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò: ṣé ó tọ́ ká máa fi fíìmù tuntun wé ti àtijọ́? Bó bá sì tọ́, báwo la ṣe fẹ́ ṣe é tí a ò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ?

Kí là ń pè ní fíìmù akónilọ́kànsókè?

Oríṣi fíìmù tí à ń wí yìí ni àwọn òyìnbó ń pè ní thriller. Òun ni èyí tí èèyàn máa ń wò tí ọkàn rẹ̀ ò ní balẹ̀. Oúnjẹ á tutù lórí tábìlì. Bí wọ́n bá múná lọ láàárín ìtàn, ariwo á sọ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbọn, idà tàbí ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ fíìmù di irú èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Alfred Hitchcock, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di ìlú-mọ̀ọ́ká nídìí irú fíìmù yìí, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà kan tó yé tọmọdé tàgbà. Ó ní ká gbà pé àwọn èèyàn kan jókòó sídìí tábìlì, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Bí bọ́ǹbù bá ṣàdédé bú gbàù lábẹ́ tábìlì náà, ẹni tó ń wòran á ta gìrì fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 15, ó tán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé a ti rí ẹni tó gbé bọ́ǹbù náà síbẹ̀, tí a sì mọ aago tó máa bú, ọkàn wa ò ní balẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú 15, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù làwọn èèyàn náà ń sọ. Bọ́ǹbù kan náà ni. Ohun tí a mọ̀ ṣáájú, tí ẹni inú ìtàn ò mọ̀, ló ń kó wa lọ́kàn sókè.

Ó yá, ẹ wá gbé ìmọ̀ yẹn wá sílé. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí tó sì jáde lọ́dún 1999, wọ́n ti sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọba ìlú Jogbo gbọ́dọ̀ sín gbẹ́rẹ́, kó sì bá ìlú mulẹ̀. Ọba tí ò bá ṣe é, tó wá dé adé idẹ, tí wọ́n sì lu ìlù ṣaworoidẹ sí i létí, ikú ló ń pè yẹn. Lápité kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́. Látìgbà náà lọ, ìlù yẹn ti di bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì. Ọba lè máa rẹ́rìn-ín, àwọn olóyè lè máa pín owó gẹdú, àwa tí à ń wò ó ṣáà ń retí ìlù ni. Ẹ ò rí i pé kò sí ìbọn kankan tó lè ṣe irú iṣẹ́ tí ìlù kan ṣoṣo ṣe níbẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ní fíìmù àṣà ni Ṣaworoidẹ, pé kò sí lára fíìmù akónilọ́kànsókè, ẹ ní kó lọ tún un wò. Bákan náà ni Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tó jáde lọ́dún 1993. Ilẹ̀ tí kò ṣe é tà ni wọ́n tà, ikú sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tó tà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ló kàn? Ìbéèrè yẹn ló ń fa ìtàn náà lọ.

Orísun irú ìtàn báyìí ní èdè Yorùbá tilẹ̀ jìn ju fíìmù lọ. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ti kọ Àjà Ló Lẹrù láti ọdún 1969, níbi tí Lápàdé ti ń tọpasẹ̀ àwọn ọ̀daràn. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ Owó Ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú Akin Olúṣínà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹni tó bá ń sọ pé ìtàn ọ̀daràn àti ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jẹ́ ohun tí a jí kó lọ́wọ́ òyìnbó láìpẹ́ yìí, kò tíì ka ìwé wọ̀nyí.

Ibi tí ìfiwéra ti máa ń ṣìnà

Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni a máa ń gbà ṣi ìfiwéra yìí ṣe.

Àkọ́kọ́, ìgbà ti bá wa fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ti àtijọ́, kò sì tíì fẹ́ ti tuntun. Ẹni tó bá ti dàgbà tó ní ìlú yìí á rántí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì yẹn kún orí pẹpẹ títí dé àjà. Mélòó la rántí nínú wọn lónìí? Bóyá mẹ́wàá, bóyá ogún. Àwọn yòókù ti wọlẹ̀, torí pé wọn ò dára tó. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù yìí ni a wá ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo fíìmù tó jáde lóṣù tó kọjá, tòun ti dáadáa tòun ti pàǹtí. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí kí èèyàn ṣa iṣu tó tóbi jù nínú abà bàbá rẹ̀, kó wá fi wé gbogbo iṣu tó wà lọ́jà Ifẹ̀. Òwe wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé àkísà àgbà ti sọnù, aṣọ rẹ̀ tó dára nìkan ló kù nínú àpótí.

Ìgbà tún máa ń yí ìdájọ́ padà. Nígbà tí Hitchcock gbé Vertigo jáde lọ́dún 1958, kì í ṣe gbogbo èèyàn ló yìn ín. Lọ́dún 2012, nígbà tí ìwé ìròyìn Sight & Sound ní kí àwọn onímọ̀ kárí ayé dìbò fún fíìmù tó dára jù lọ, Vertigo ló gbapò kìíní. Ó gbà á ju 50 ọdún lọ. Ta ló wá lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé nínú àwọn fíìmù tí à ń bú yìí, kò sí èyí tí àwọn ọmọ wa máa fi ṣe àwòkọ́ṣe?

Ìkejì, a máa ń gbàgbé irinṣẹ́ àti owó. Nígbà tí Ọlá Balógun ya Àjàní Ògún lọ́dún 1976, tí Hubert Ògúndé náà sì gbé Aiyé jáde ní bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, rọ́ọ̀lù fíìmù ni wọ́n ń lò. Òkè òkun ni wọ́n ń gbé e lọ fọ̀. Bó bá dé, olówó fíìmù fúnra rẹ̀ á gbé e káàkiri láti ìlú dé ìlú, torí pé bó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n lè dà á kọ. Nígbà tí náírà wá já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, owó rọ́ọ̀lù ò ṣe é dá mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣèré tíátà Yorùbá bọ́ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Sọ̀sọ̀ Méjì tí Adé Àjíbóyè ṣe lọ́dún 1988 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni síídì dé, lẹ́yìn síídì ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ọdún 2016 ni Netflix wọ Nàìjíríà.

Ìyípadà yìí ò mọ síbi àwòrán tó mọ́lẹ̀ nìkan, ó kan bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn pàápàá. Ẹni tó yá kásẹ́ẹ̀tì wálé ti sanwó, ó sì ti jókòó. Fíìmù lè lo ogún ìṣẹ́jú láti fi ìlú, ẹbí àti ìjòyè hàn án, kò ní dìde. Ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù lónìí, àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí gíláàsì. Bí nǹkan ò bá ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti bọ́ sórí òmíràn. Ìdí nìyí tí fíìmù tuntun fi máa ń fi ogun tàbí ìpànìyàn bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní sùúrù, ẹ jẹ́ ká rántí pé àwa tí à ń wò ó gan-an la ò ní sùúrù mọ́.

Ìkẹta, a máa ń fi ìgbà èwe wa kún ìwọ̀n. Fíìmù tí èèyàn wò nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, tí gbogbo ará ilé péjọ sídìí tẹlifíṣàn kan ṣoṣo, tí ìyá àgbà ń sọ pé "yéè, wọ́n á pa á," adùn ọjọ́ yẹn ò ní kúrò lára rẹ̀ láéláé. Kì í ṣe fíìmù nìkan là ń rántí. Ilé là ń rántí, àwọn tó ti lọ là ń rántí. Fíìmù tuntun wo ló fẹ́ bá ìyẹn díje?

Ibi tí ìfiwéra ti tọ́

Ṣé ká wá jáwọ́ nínú ìfiwéra pátápátá? Rárá o. Ẹni tí kò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló máa ń sọ pé oko bàbá òun ló tóbi jù. Bí a ò bá fi ohun kan wé èkejì, a ò ní mọ èyí tó dára, a ò sì ní mọ ohun tó yẹ ká tún ṣe.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, àwọn fíìmù kan wà tó jẹ́ pé fúnra wọn ni wọ́n pe ìfiwéra. Lọ́dún 2019, Ramsey Nouah gbé Living in Bondage: Breaking Free jáde, ìtẹ̀síwájú fíìmù Ìgbò tó lókìkí láti ọdún 1992. Lọ́dún 2020, ó tún Rattlesnake tí Amaka Igwe ṣe ní nǹkan bí ọdún 25 ṣáájú ṣe. Ẹni tó bá fi orúkọ bàbá polówó ọjà, kò lè bínú bí wọ́n bá ní kó dìde dúró kí wọ́n wò ó bóyá ó jọ bàbá. Nílẹ̀ òkèèrè, Gus Van Sant tún Psycho Hitchcock yà lọ́dún 1998, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí nǹkan kan padà nínú bí wọ́n ṣe to àwòrán rẹ̀. Fíìmù ọdún 1960 ṣì ń bani lẹ́rù di òní. Ti 1998 ò rí ọjà tà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé èèyàn lè da ìtò àwòrán kọ, kó má lè da ẹ̀rù rẹ̀ kọ.

Lọ́nà kejì, ó tọ́ láti fi fíìmù méjì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà wéra. Ẹ mú Owó Blow tí Tádé Ògìdán ṣe láàárín àwọn ọdún 1990, kí ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gangs of Lagos tí Jade Osiberu darí, tó jáde lóṣù kẹrin ọdún 2023. Ìlú Èkó ni méjèèjì. Ìtàn ọmọkùnrin tí ayé tì sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn ni méjèèjì. Níbi ìjà, ti tuntun ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì, ẹni tó bá jiyàn ń tan ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ṣe kókó ni èyí: nínú méjèèjì, èwo ló kọ́kọ́ mú ká fẹ́ràn ọmọ náà, tí àyà wa fi ń já fún un kó tó fọwọ́ kan ìbọn? Ẹ wò wọ́n pa pọ̀ nínú ilé yín, kí ẹ jiyàn lórí ìyẹn. Irú àríyànjiyàn báyẹn ló ń kọ́ni lọ́gbọ́n.

Ìfiwéra tún lè fi hàn wá bí àwọn àgbà ṣe yọ nínú ewu. Nígbà tí Gangs of Lagos jáde, àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bínú sí bí wọ́n ṣe lo Ẹ̀yọ̀ nínú rẹ̀. Ṣaworoidẹ ní tirẹ̀ gbé gbogbo ìtàn rẹ̀ sí Jogbo, ìlú tí kò sí lórí máàpù. Nítorí bẹ́ẹ̀, ó ráyè sọ̀rọ̀ nípa ọba olójúkòkòrò àti ṣọ́jà tó gbàjọba, lọ́dún kan náà tí ìjọba ológun kógbá sílé ní Nàìjíríà, kò sì sí ìlú kankan tó lè ní òun ni wọ́n ń bú. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ ìtàn tó gbóná lè kọ́ ọgbọ́n yẹn láìdá nǹkan kan kọ nínú Ṣaworoidẹ.

Ẹ tún jẹ́ ká rántí pé àtijọ́ àti òde òní kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, wà nínú Ṣaworoidẹ gẹ́gẹ́ bí Arẹ̀sẹ̀jábàtà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé The Figurine jáde, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ AMAA márùn-ún lọ́dún 2010. Lọ́dún 2014, ó gbé October 1 jáde. Ọlọ́pàá kan, tí olóògbé Sadiq Daba ṣe, ń wá ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ní ìlú Àkọ̀tẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ òmìnira ọdún 1960 ti ń sún mọ́lé. Ẹ kíyè sí i: déètì tí gbogbo wa mọ̀ ló fi ṣe aago bọ́ǹbù. Fẹ́mi Adébáyọ̀ náà ńkọ́? Òun ló ṣe ọmọdékùnrin nínú Owó Blow kí Táíwò Hassan tó gbà á ṣe nígbà tí ọmọ náà dàgbà. Fẹ́mi yìí kan náà ló padà gbé Agẹṣinkólé jáde lọ́dún 2022 àti Jagun Jagun lọ́dún 2023. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ìbéèrè mẹ́rin fún ẹni tó fẹ́ fi wọ́n wéra

Bí ẹ bá wá fẹ́ jókòó fi fíìmù tuntun wé ti àtijọ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí.

Ìkíní: ṣé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe? Ẹ má fi fíìmù ogun wé ti ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kẹ́ ẹ wá ní ọ̀kan kò ronú tó.

Ìkejì: kí ni bọ́ǹbù abẹ́ tábìlì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà wo sì ni wọ́n fi hàn wá? Bó bá jẹ́ pé ariwo orin àti ìbọn nìkan ló ń mú wa ta gìrì, fíìmù náà ò tíì dé ibi tó ń lọ, ìbáà jẹ́ ti ọdún 1980 tàbí ti àná.

Ìkẹta: bí a bá yọ owó kúrò, kí ló kù? Owó lè ra kámẹ́rà, ó lè ra ẹṣin, ó lè ra aṣọ òfì. Kò lè ra ìjíròrò tó dùn létí bíi ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Ẹnu ọ̀rọ̀, ìwà ẹ̀dá àti okùn ìtàn ni ká fi wọn àgbà àti ọmọdé, torí pé olówó àti tálákà ló lè ní in.

Ìkẹrin: bí a ò bá mọ fíìmù àtijọ́ kankan rí, ṣé tuntun yìí á tẹ́ wa lọ́rùn? Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ tó pe bàbá rẹ̀.

Ohun tó wà nínú ewu

Bí a bá ń fi ẹnu kan ṣáá sọ pé "kò tó ti àtijọ́," ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan á bínú kẹ̀yìn sí iṣẹ́ àwọn àgbà, wọn ò ní wò ó rárá. Àwọn mìíràn á gbìyànjú láti tẹ́ wa lọ́rùn nípa kíkó ìlẹ̀kẹ̀, adé àti àdá jọ, wọ́n á rò pé àwọn nǹkan yẹn ló mú Ṣaworoidẹ dùn. Ìlù yẹn ò bá jẹ́ páálí, ẹ̀rù ì bá ṣì bà wá, torí pé wọ́n ti jẹ́ ká mọ ohun tó lè ṣe.

Ewu kejì wà lọ́dọ̀ àwa tí a fẹ́ràn ti àtijọ́. A ń yìn ín lẹ́nu, a ò tọ́jú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fíìmù rọ́ọ̀lù ayé Ògúndé àti Adé Love ni kò ṣe é rí wò lónìí, tàbí kó jẹ́ àdàkọ tó ti ṣá la rí. Shaihu Umar, fíìmù èdè Haúsá tí Adamu Halilu darí lọ́dún 1976, ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti ṣègbé. Ọdún 2016 ni wọ́n tó rí i nínú àkójọ fíìmù ní ìlú Jos, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi han aráyé ní Berlin lọ́dún 2018. Báwo la ṣe fẹ́ fi tuntun wé ti àtijọ́ bí ti àtijọ́ bá ti jẹrà? Lọ́jọ́ náà, ìrántí àwọn àgbà nìkan ló máa kù, ìrántí sì máa ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀.

Nítorí náà, èsì wa ni pé: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi wọ́n wéra, ṣùgbọ́n ẹ wò wọ́n kẹ́ ẹ tó dájọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ pe àwọn ọmọ yín jókòó sídìí Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ tàbí Owó Blow, kí ẹ sì jẹ́ káwọn náà fi October 1 hàn yín. Bí kásẹ́ẹ̀tì tàbí síídì àtijọ́ bá wà nílé, ẹ má dà á sí ààtàn. Ẹ̀yin ọmọ tíátà tó wà nínú ọgbà yunifásítì wa, bí wọ́n bá ní iṣẹ́ yín ò tó ti àtijọ́, ẹ bi ẹni náà pé, "Níbo gan-an?" Bó bá lè tọ́ka sí i, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ lọ tún un ṣe. Bí kò bá lè tọ́ka sí i, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.